ÀJÀYÍ CROWTHER NÍ ONITSHA: BÍ ÀWỌN GẸ̀Ẹ́SÌ ṢE GBÉ E GA ÀTI BÍ WỌ́N ṢE JÁ A KULẸ̀

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe bí ẹni pé àwa ni Yorùbá àkọ́kọ́ tí yóò fi ilé sílẹ̀ wá jókòó sí Onitsha. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bí àárò ilé bá sọ wá, a ó máa bi ara wa pé kí ni a wá ṣe níhìn-ín. Bí ẹ bá tún lọ sí etí Odò Ọya, tí ẹ ń wo àwọn ọkọ̀ àti afárá tó lọ sí Asaba, ẹ rántí pé ní oṣù Keje ọdún 1857, ọmọ Yorùbá kan gúnlẹ̀ sí etídò yìí kan náà. Orúkọ rẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther.

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ orúkọ yìí rí nínú wa. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé ó jẹ́ ẹrú tẹ́lẹ̀, pé ó di bíṣọ́ọ̀bù, pé òun ló ṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n èyí tí wọn kì í sábà sọ fún wa ni ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Onitsha níhìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn náà. Bí mo bá ti ń sọ ọ́ lọ, n ó máa fi ojú kan wo orílẹ̀-èdè Jàpáànù, nítorí pé ní ìgbà kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kan ilẹ̀kùn àwọn ará etí Odò Ọya ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn àwọn ará Jàpáànù. Irú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n gbé lọ, irú àgbá kan náà ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ já sí kò dọ́gba.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI BÍ WỌ́N ṢE KÓ O LẸ́RÚ

Ìlú Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní, ni a ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1807. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Ní ọdún 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú náà, wọ́n fi iná sí i, wọ́n sì kó Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ti pín in yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n dá a padà, wọ́n tún tà á fún ẹlòmíràn, títí ó fi bọ́ sí ọ̀nà Èkó. Ẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún àwọn Potogí bà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa lóru, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á.

Wọ́n tà á fún wọn náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi ti Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon dá ọkọ̀ ẹrú náà dúró lójú òkun, wọ́n sì kó gbogbo ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí fúnra wọn ti ṣòwò ẹrú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó fòfin dè é ní 1807. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n kò mọ ìyẹn. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni òmìnira ti dé bá a, kò sì gbàgbé oore náà títí ó fi kú. Bí a kò bá fi èyí sọ́kàn, ohun tó ṣe lẹ́yìn náà kò ní yé wa.

Ní Freetown, Àjàyí kọ́ ìwé kíkà láàárín oṣù mẹ́fà péré. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Samuel Crowther. Ní 1826 ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Islington ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nígbà tí ìjọ C.M.S. dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay sílẹ̀ ní 1827, òun wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Ó fẹ́ Susan, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀, ó sì di olùkọ́.

Ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Jàpáànù márùn-ún láti agbègbè Choshu yọ́ kúrò nílé ní 1863 láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọmọ Òṣoògùn ti kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 37 ṣáájú wọn. Kì í ṣe pé a pẹ́ kí a tó mọ ìwé.

BÍ Ó ṢE BỌ́ SÓRÍ ODÒ ỌYA

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gba orí Odò Ọya lọ láti wá òwò mìíràn tí yóò gba ipò òwò ẹrú. Àjàyí wà nínú wọn. Ibà kọlu àwọn òyìnbó, nǹkan bí 40 nínú wọn sì kú kí ìrìn àjò náà tó parí. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn sí àwọn aláṣẹ C.M.S. pé bí iṣẹ́ ìhìnrere yóò bá fìdí múlẹ̀ lórí odò yìí, ọmọ Áfíríkà ni yóò ṣe é. Ní 1843 wọ́n sọ Àjàyí di àlùfáà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Ó padà sílé. Ó gba Badagry lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kanra ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà. Ní 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà. Ní 1851, Àjàyí tún wà ní Ìlú Ọba, ó sì dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá fún un. Ní 1854, Dókítà Baikie kó ọkọ̀ Pleiad gba orí Odò Ọya, Àjàyí sì bá a lọ. Oògùn ibà tí à ń pè ní kuníìnì ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò sì kú nínú wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: oògùn kan náà tó jẹ́ kí òyìnbó lè gbé lórí odò yìí ni yóò jẹ́ kí wọ́n rò lẹ́yìn ọ̀la pé àwọn kò nílò Àjàyí mọ́.

ONITSHA NÍ ỌDÚN 1857

Ní oṣù Keje ọdún 1857, ọkọ̀ Dayspring gúnlẹ̀ sí etídò Onitsha. Obi Akazua ni ọba ìlú náà nígbà yẹn. Àjàyí lọ kí i láàfin, ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n bá wá, ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ láti fi kọ́lé.

Ohun kan wà tí Àjàyí ṣe níhìn-ín tí mo fẹ́ kí gbogbo wa kíyè sí. Kò fi Yorùbá jẹ olórí lé àwọn ará Onitsha lórí. Ó fi John Christopher Taylor sílẹ̀ fún wọn, ẹni tí a bí ní Sàró ṣùgbọ́n tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò, àti Simon Jonas tó jẹ́ ọmọ Ìgbò tó gbọ́ èdè náà dáadáa. Àjàyí fúnra rẹ̀ kò gbọ́ èdè Ìgbò bí ó ti gbọ́ Yorùbá. Síbẹ̀, ó ṣe ìwé ìkàwé kékeré kan ní èdè Ìgbò ní 1857 yẹn gan-an, ó sì tún ṣe ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Ìgbò tó jáde ní 1882. Ó gbà pé èdè onílé ni a fi ń wọ inú ọkàn onílé.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọkọ̀ kì í wá déédéé. Àwọn ajíhìnrere kò ní ọkọ̀ ti ara wọn, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni wọ́n ń wọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, lójú ará ìlú, ìwé, epo pupa àti ìbọn dà bí ẹrù kan náà tí òyìnbó dì papọ̀.

BÍ Ó ṢE DI BÍṢỌ́Ọ̀BÙ

Henry Venn ni akọ̀wé àgbà C.M.S. ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ìjọ Áfíríkà gbọ́dọ̀ máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, nínú ilé ìjọsìn ńlá ti Canterbury, wọ́n fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó wà ní Abẹ́òkúta, tí Henry Townsend ṣáájú wọn, ti kọ̀ jálẹ̀ pé ọmọ Áfíríkà kò lè ṣe olórí àwọn. Nítorí náà, Odò Ọya ni wọ́n fún un, kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá tí í ṣe ilé baba rẹ̀. Oyè náà tóbi lóòótọ́, àmọ́ ìdè kan ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Fún bí ọdún 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ Áfíríkà ló ṣe iṣẹ́ náà láti Bonny dé Lokoja. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ èdè sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Venn kú ní 1873, àwọn tó rọ́pò rẹ̀ kò sì ní irú ìgbàgbọ́ tí ó ní.

ÀGBÁ TÓ DÚN NÍ JÀPÁÀNÙ ÀTI ÈYÍ TÓ DÚN NÍ ONITSHA

Ní 1858, ọdún kan lẹ́yìn tí Dayspring dé Onitsha, Lord Elgin bá ìjọba Jàpáànù ṣe àdéhùn òwò fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àdéhùn náà kò dọ́gba, nítorí pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣẹ̀ níbẹ̀, adájọ́ Jàpáànù kò lè dá a lẹ́jọ́. Ní 1862, àwọn jagunjagun Satsuma pa oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní 1863, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ da àgbá bo ìlú Kagoshima, apá kan ìlú náà sì jóná.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1879, ó kan Onitsha. Ọdún yẹn ni Goldie pa àwọn ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì orí odò pọ̀ di ọ̀kan, United African Company. Àríyànjiyàn ti wà láàárín àwọn oníṣòwò àti ará ìlú. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ ogun Pioneer wá, wọ́n yin àgbá lu ìlú, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ fi iná sun ún. Àwọn oníṣòwò kó lọ sí Asaba. Ní 1886, Ọbabìnrin fún ilé iṣẹ́ Goldie ní ìwé àṣẹ láti máa ṣe ìjọba lórí odò náà, wọ́n sì ń pè é ní Royal Niger Company. Báyìí ni oníṣòwò ṣe di ọba.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé wọn. Àwọn ará Satsuma san owó ìtanràn, wọ́n sì sọ ara wọn di ọ̀rẹ́ ẹni tó lù wọ́n, wọ́n ń ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1865 wọ́n yọ́ àwọn ọ̀dọ́ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ kọ́ ọgbọ́n. Nígbà tí ìjọba tuntun dé ní 1868, wọ́n gba àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì síṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ wọn tó ṣí ní 1872. Owó oṣù ni Jàpáànù ń san fún àwọn àlejò yìí, bí ọmọ onílé bá sì ti mọ iṣẹ́ tán, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, wọ́n á ní kó máa lọ. Jàpáànù ló di eèkù idà mú. Ní Odò Ọya, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ń san owó oṣù, Lọ́ńdọ́ọ̀nù náà ló sì lè lé ènìyàn. Ọmọ onílé mọ iṣẹ́ tán, òun ni wọ́n sì ní kó máa lọ.

ÌPÀDÉ ONITSHA NÍ ỌDÚN 1890

Òtítọ́ kò ṣeé fi bò. Àwọn kan wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ Àjàyí tí ìwà wọn kò dára. Àwọn kan ń ṣòwò mọ́ iṣẹ́ ìhìnrere. Ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Onitsha níhìn-ín: wọ́n lu ọmọbìnrin ẹrú kan títí ó fi kú, ilé ẹjọ́ ní Freetown sì dá àwọn tó jẹ̀bi lẹ́jọ́ ní 1882. Èkó ni Àjàyí ń gbé, kì í sì í wà lórí odò ní gbogbo ìgbà. Ó nífẹ̀ẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í tètè fìyà jẹ wọ́n. Ó yẹ kí a bá a wí fún èyí.

Ṣùgbọ́n ìbáwí yàtọ̀ sí ìtẹ́ńbẹ́lú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ ìṣúná iṣẹ́ Odò Ọya jókòó ní Onitsha. Bíṣọ́ọ̀bù ni alága. Ó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Àwọn tó kọjú sí i ni F. N. Eden tó jẹ́ akọ̀wé, J. A. Robinson àti Graham Wilmot Brooke. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n. Brooke kò tíì pé ẹni 30 ọdún. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn àlùfáà Áfíríkà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ẹni tó fi wọ́n jẹ àlùfáà. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí kan Dandeson, ọmọ bíbí inú bíṣọ́ọ̀bù, tó jẹ́ olórí àwọn àlùfáà ní agbègbè Bonny. Bíṣọ́ọ̀bù bèèrè ẹ̀rí, ó sì bèèrè ẹni tó fún akọ̀wé lásán ní àṣẹ láti dá àlùfáà dúró níṣojú bíṣọ́ọ̀bù. Wọn kò dá a lóhùn bí ọmọ ti ń dá àgbà lóhùn. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọn kò ka àkísà náà sí nǹkan kan.

Bàbá arúgbó náà fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ó kúrò ní Onitsha tòun ti ọgbẹ́ ọkàn. Inú bí àwọn ènìyàn Èkó àti Sàró gidigidi nígbà tí wọ́n gbọ́. Ní Èkó, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, Àjàyí jáde láyé.

LẸ́YÌN IKÚ RẸ̀

Robinson ti kú ní Lokoja ní ọdún 1891 kan náà, Brooke sì kú ní 1892. Ibà kò mọ olódodo yàtọ̀ sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò Àjàyí. Ní 1892, Dandeson kó àwọn ìjọ Bonny àti agbègbè rẹ̀ jọ, wọ́n sì yà sọ́tọ̀ láti máa bọ́ ara wọn, kí wọ́n sì máa ṣàkóso ara wọn. H. H. Dobinson, tó wà lára àwọn òyìnbó tuntun náà, wá kábàámọ̀ ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn òṣìṣẹ́ Áfíríkà. Ó sì tó oṣù Kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí wọ́n fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù, kí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, Justin Welby, tó tọrọ àforíjì ní gbangba fún ìwà tí wọ́n hù sí i.

Ní ti Jàpáànù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tuntun tó dọ́gba pẹ̀lú wọn ní 1894, wọ́n sì bá wọn mulẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ní 1902. Ìyẹn kò sọ Jàpáànù di ẹni mímọ́. Ní 1910 wọ́n gba ilẹ̀ Korea mọ́ tiwọn. Ní 1941, wọ́n gbógun ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, ogun yẹn ló sì gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Hausa lọ sí igbó Burma láti bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Nígbà tí àwọn alágbára méjì bínú síra wọn, àwa tí kò di eèkù idà mú la tún lọ kú níbẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÓ WÀ FÚN WA

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe pé kí a kórìíra òyìnbó ni mo ń wí. Òyìnbó ló tú Àjàyí sílẹ̀, òyìnbó bíi Venn ló gbé e ga. Ohun tí mo ń wí ni pé oore tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìgbàkígbà ni oníǹkan lè gbà á padà. Ìwé tí a kà nìkan kò tó. Kí a mọ ẹni tó ń san owó, kí a sì mọ ẹni tó di eèkù mú.

Èkejì ni pé wọ́n gba àga lọ́wọ́ Àjàyí, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe, Bíbélì tó ṣáájú nínú títúmọ̀ rẹ̀, àwọn ló jẹ́ kí irú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí ṣeé kọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Herbert Macaulay, ló sì di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ní 1944, tí Nnamdi Azikiwe, ọmọ Onitsha, jẹ́ akọ̀wé rẹ̀. Ọ̀nà tí bàbá-ìyá là dé Onitsha, ọmọ-ọmọ gbà á padà láti bá ọmọ Onitsha béèrè òmìnira.

Nítorí náà, bí àárò ilé bá tún sọ ẹnikẹ́ni nínú wa, kí ó lọ sí etí odò lọ́jọ́ kan ní ìrọ̀lẹ́. Kí ó kọ́ èdè àwọn tó gbà wá lálejò, bí Àjàyí ti gbìyànjú láti kọ́ ọ. Kí ó má sì ju tirẹ̀ nù. Ire o.